Má, Máa àti Máà: Mode kékeré tó ń ṣọ́ ìkìlọ̀ inú ìwé wa

Àkọsílẹ̀ abala ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Mo ti yọ ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi àpẹẹrẹ kan kún un tí kò ṣeé kà sí yín létí.

Ìbéèrè yín ló bí abala yìí. Àwọn tó ti wọ sítúdíò wa ní Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé ìwé pọ̀ lára ògiri níbẹ̀: bí a ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀, bí a ṣe ń so máìkì mọ́ mixer, bí a ṣe ń pa inverter. Yorùbá la fi kọ wọ́n, àmì ohùn sì pé lórí wọn. Ẹ ń bi wá pé ọgbọ́n wo la ń dá tí àmì kì í fi í já bọ́. Ìdáhùn mi ni pé mo kọ mode kan fún text editor mi. Lónìí, màá ṣàlàyé ohun tí mode jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àti ìdí tí mo fi gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà ní èdè wa nílò irú rẹ̀.

Ẹ má jáyà. Kò dìgbà tí èèyàn bá kàwé kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣe é. Iṣẹ́ ohùn àti fídíò ni iṣẹ́ tèmi, gbogbo ohun tí mo kọ kò sì tó ọgọ́rùn-ún ìlà.

Ọ̀rọ̀ kan tó gbé ẹ̀mí dání

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé fẹnu kan ilé, yàrá fẹ̀gbẹ́ kan yàrá. Tí iná bá lọ lóru, àwọn kan á fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa èèyàn lójú oorun láìjẹ́ pé ó ta pútú. Nítorí náà, ìlà tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìwé jẹnẹrétọ̀ wa ni èyí: "Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá."

Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé ìkìlọ̀ náà dúró, ìyẹn "má". Tí ìka bá tẹ "a" kan kún un, ó di "Ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá." Òdì kejì pátápátá nìyẹn. Gbólóhùn kejì náà tọ̀nà nínú gírámà, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, nítorí náà ohun èlò tó ń ṣàyẹ̀wò sípẹ́lì kò ní rí nǹkan kan wí.

Ẹ̀kẹta tún wà. Àwọn mìíràn máa ń kọ "máà" dípò "má". "Ẹ máà tan án" túmọ̀ sí pé kí ẹ má tan án. Ó wá jẹ́ pé láàárín "máa" àti "máà", àmì ohùn kan péré ló ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èèwọ̀. Tí ẹnìkan bá wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe lórí WhatsApp, "E maa tan an", òǹkàwé ló kù kó mú èyí tó bá wù ú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ọmọ Yorùbá á gbọ́ ọ yé láti inú ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àdúgbò ọmọ Yorùbá nìkan. Ìgbò wà níbí, Urhobo wà níbí, Ijaw àti Hausa wà níbí, Pidgin la sì jọ ń sọ tí a bá pàdé ní ọjà Boundary. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé ara ògiri wa, àárín àdúgbò ni wọ́n ti gbọ́ Yorùbá. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa kà. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kò sì gbọdọ̀ sọ òǹkàwé di ẹni tó ń méfò.

Àmì tí a fi ń to ìwé

Kí n tó dé orí mode, ẹ jẹ́ ká sọ irú ìwé tí a ń kọ. A kì í lo ohun èlò tó ń yí àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà padà bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, a kàn ń fi àmì díẹ̀díẹ̀ sí i láti sọ pé àkọlé nìyí, ìgbésẹ̀ nìyí, ìkìlọ̀ nìyí. Markup ni wọ́n ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀.

Èrò náà ti pẹ́. Ní ọdún 1969, ní ilé iṣẹ́ IBM, Charles Goldfarb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Edward Mosher àti Raymond Lorie, dá GML sílẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú orúkọ yẹn. Láti ìdí rẹ̀ ni SGML ti jáde, ara SGML ni HTML tó gbé gbogbo ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ró ti ṣẹ̀. Àwọn èyí tó rọrùn fún ọwọ́ dé lẹ́yìn náà: Stuart Rackham gbé AsciiDoc jáde ní 2002, John Gruber sì gbé Markdown jáde ní 2004.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ àmì. Ní 1875, àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sì wà lára wọn. Àmì orí lẹ́tà àti àmì abẹ́ lẹ́tà ń sọ fún òǹkàwé bí yóò ṣe pe ọ̀rọ̀. Markup ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe to ọ̀rọ̀. Nínú ìwé wa, àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú fáìlì kan náà ni, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

AsciiDoc la mú. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ní àmì tirẹ̀ fún ìkìlọ̀, Markdown àtilẹ̀wá kò sì ní i. Àpẹẹrẹ tí mo ní mo fi kún un nìyí:

```
= Bí a ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀ wa
:warning-caption: Ìkìlọ̀

== Kí ẹ tó tan án

WARNING: Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

. Ẹ gbé e síta, kó jìnnà sí fèrèsé.
. Ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀.
. Ẹ wo epo rẹ̀. Ẹ má bu epo sí i nígbà tó bá gbóná.
```

Àmì = kan ni àkọlé ìwé, == méjì ni àkọlé abala. Àmì tó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà túmọ̀ sí ìgbésẹ̀. Ẹ kò ní láti kọ 1, 2, 3, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kà wọ́n. WARNING ni ìkìlọ̀. Ìlà kejì sì ni mo fẹ́ràn jù: ó ń sọ fún Asciidoctor, ìyẹn ohun èlò tó ń sọ AsciiDoc di ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí PDF, pé kó tẹ "Ìkìlọ̀" síta dípò "Warning". Òǹkàwé kò ní rí Gẹ̀ẹ́sì lórí ìkìlọ̀ náà.

Kí wá ni mode?

Ẹ wo télọ̀. Ẹ̀rọ kan náà ló fi ń rán bùbá, ṣòkòtò àti síìpù. Ṣùgbọ́n tó bá dé orí síìpù, á yọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, á fi ẹsẹ̀ síìpù sí i. Ẹ̀rọ kò yí padà. Ohun tó fi di aṣọ mú ló yí padà. Bí mode ṣe rí nínú text editor nìyẹn.

Emacs ni text editor tí mò ń lò. Ní 1976 ni Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ Emacs àkọ́kọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, GNU Emacs tí a ń lò lónìí sì jáde fún aráyé ní 1985. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ẹ bá rà ní Computer Village. Ó tún ní ìwà kan tó bá Èkó mu: tí ẹ bá ti tẹ nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún lẹ́tà, tàbí tí ẹ bá dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, á fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín pamọ́ fúnra rẹ̀. Tí iná bá lọ, iṣẹ́ kò bá iná lọ.

Tí ẹ bá ṣí fáìlì nínú Emacs, ó máa wo orúkọ rẹ̀, á sì yan mode tó bá a mu. Mode náà ló ń pinnu àwọ̀ tí ọ̀rọ̀ máa ní, iṣẹ́ tí bọ́tìnnì máa ṣe, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá ń fi fáìlì pamọ́. Àwọn kan ti kọ mode fún oríṣiríṣi markup tẹ́lẹ̀. Jason Blevins gbé markdown-mode jáde ní 2007, ọ̀kan wà fún AsciiDoc náà tí wọ́n ń pè ní adoc-mode. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ "má" yàtọ̀ sí "máa" nínú wọn. Kò sì yẹ ká bá wọn wí. Ẹni tó ni ilé ló mọ ibi tó ń jò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Vim, tí Bram Moolenaar, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, gbé jáde ní 1991, ẹ lè ṣe irú nǹkan kan náà. Fáìlì syntax ni wọ́n ń pe ti àwọ̀ níbẹ̀.

Bí mode mi ṣe ń ṣọ́ ìkìlọ̀

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Font-lock ni Emacs ń pe apá tó ń kun ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹ ó fún un ní òfin: tí o bá rí ọ̀rọ̀ tó rí báyìí, fi àwọ̀ báyìí kùn ún. Òfin mẹ́ta ló wà nínú mode mi tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí.

Òfin kìíní: "má" máa pupa, lẹ́tà rẹ̀ á sì nípọn. Nígbàkígbà tí mo bá kọ èèwọ̀, mo máa rí pupa lójú ẹsẹ̀.

Òfin kejì: "máa" máa jẹ́ àwọ̀ ewé. Tí mo bá fẹ́ kọ ìkìlọ̀, tí mo wá rí àwọ̀ ewé níbi tí pupa yẹ kó wà, ojú mi á ti mú un kí ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀.

Òfin kẹta: "máà", "maa" àti "ma" tí kò ní àmì máa ní yẹ́lò lẹ́yìn. Yẹ́lò kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ó ń sọ pé ibí yìí lè ṣi èèyàn lọ́nà, yan ọ̀kan. Nínú ìwé wa, a fẹnu kò pé "má" nìkan la ó máa fi ṣe èèwọ̀, "máà" kò sí níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an, a lè lo "ẹ kò gbọdọ̀".

Àlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ ó fi àmì \< ṣíwájú ọ̀rọ̀, ẹ ó sì fi \> tẹ̀lé e, kí Emacs lè mọ̀ pé odindi ọ̀rọ̀ lẹ ń wá. Láìṣe bẹ́ẹ̀, á máa kun "má" tó wà nínú "máìkì". Ẹ sọ fún un pé kó má fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré, torí "Má" lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Tí ẹ bá sì ní òfin mìíràn tó ń kun gbogbo ìlà WARNING, ẹ fi òfin "má" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ lẹ́tà t sí i gẹ́gẹ́ bí àṣẹ láti borí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Emacs á ní wọ́n ti kun ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan "má" mọ́.

Iṣẹ́ kejì ni bọ́tìnnì. Emacs ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ occur, tó ń kó gbogbo ìlà tí ọ̀rọ̀ kan wà jọ sí ojú kan. Mo so ó mọ́ C-c C-k: mo bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìlà tí "má" tàbí "máa" wà nínú rẹ̀ á tò jọ níwájú mi. Nínú ìwé ojú ewé mẹ́wàá, wọ́n lè má ju ogún ìlà lọ. Ogún ìlà ni mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ojú ewé mẹ́wàá.

Lẹ́tà mélòó ló wà nínú Ajégúnlẹ̀?

Ibi tí iṣẹ́ ti gba ọgbọ́n jù rèé, ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Ẹ mú orúkọ àdúgbò wa, Ajégúnlẹ̀. Ẹ fi ojú kà á: A, j, é, g, ú, n, l, ẹ̀. Lẹ́tà 8. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í fi ojú ka nǹkan. Ó ń lo Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí a fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè ayé mọ̀. Unicode fún é ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E9. Ó fún ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ̀, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀, kò ní nọ́ńbà àdáni. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ẹ, kí ẹ wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nọ́ńbà 9 ni Ajégúnlẹ̀ ní nínú kọ̀ǹpútà.

Kò tán síbẹ̀. Unicode tún gbà kí a tú gbogbo àmì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: e, lẹ́yìn náà àmì òkè. Tí a bá tú u báyìí, Ajégúnlẹ̀ kan náà á di nọ́ńbà 12. Àkópọ̀ ni wọ́n ń pè ní NFC, àtúká ni NFD. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú ikùn kọ̀ǹpútà, wọn kò jọra rárá.

Kí ló kan "má"? Ohun tó kàn án ni pé "má" náà lè wá ní ọ̀nà méjì: m àti á, tàbí m, a, àti àmì. Tí òfin tí mo kọ bá ń wá ti àkópọ̀, tí akọ̀wé mìíràn sì lẹ ọ̀rọ̀ àtúká mọ́ fáìlì láti orí fóònù rẹ̀ tàbí láti ojú ìwé kan, "má" náà kò ní pupa. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ́nà kò rí i.

Oògùn rẹ̀ kò le. Emacs ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ ucs-normalize-NFC-region. Mo so ó mọ́ ìgbà tí a bá fẹ́ fi fáìlì pamọ́: gbogbo ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ di àkópọ̀ ná, kó tó wọ inú àpò. Ìlà méjì mẹ́ta ni. Nínú gbogbo ohun tí mode mi ń ṣe, tí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan péré, èyí ni màá mú.

Ẹ má rò pé Emacs nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú JavaScript, àmì \w tó túmọ̀ sí "lẹ́tà ọ̀rọ̀" kò mọ̀ ju a sí z, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní "ọmọ", m nìkan ni yóò mú. Nínú Python, \w mọ ọ àti ẹ, ṣùgbọ́n kò ka àmì ohùn tó dá dúró sí lẹ́tà, nítorí náà "ẹ̀kọ́" á já sí méjì: "ẹ" àti "kọ". Ẹni tó bá ń kọ ohun èlò fún Yorùbá gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó ṣiṣẹ́ fún Gẹ̀ẹ́sì lè gé orí ọ̀rọ̀ wa jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó tún kan àkọlé. Nínú reStructuredText, markup tí wọ́n fi kọ ìwé àlàyé èdè Python, ẹ ó fa ìlà sábẹ́ àkọlé, ìlà náà kò sì gbọdọ̀ kúrú ju àkọlé lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí mode yín máa fa ìlà náà fún yín, ẹ má lo length láti fi wọn àkọlé, torí 9 ló máa sọ fún Ajégúnlẹ̀. Ẹ lo string-width. Òun ló ń wo ààyè tí ọ̀rọ̀ gbà lójú kọ̀ǹpútà, 8 ló sì máa sọ.

Bí ẹ ṣe lè kọ tiyín

Mi ò ní ka kóòdù sí yín létí. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ fún mode yín lórúkọ, kí ẹ sì fi define-derived-mode bí i láti ara text-mode. Ọmọ á jogún gbogbo ohun tí òbí ní, ẹ̀yin á kàn fi tiyín kún un.
2. Ẹ lo auto-mode-alist láti sọ fún Emacs pé fáìlì tó bá parí sí .adoc, mode yín ni kó lò.
3. Ẹ to òfin àwọ̀ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé, ìkìlọ̀, àti "má". Ẹ dán wọn wò kí ẹ tó fi òmíràn kún un.
4. Ẹ sọ outline-regexp di "=+ " kí ẹ sì tan outline-minor-mode. Ẹ ó lè ká abala kan tì, kí ẹ rí àkọlé nìkan. Ó wúlò gan-an tí ìwé bá gùn.
5. Ẹ so àṣẹ mọ́ bọ́tìnnì. Àṣà Emacs ni pé C-c pẹ̀lú lẹ́tà lásán jẹ́ ti ẹni tó ń lò ó; mode ń lo C-c tí C- mìíràn tẹ̀ lé. Ẹ má gba ààyè onílé.
6. Ẹ so NFC mọ́ before-save-hook, kó sì jẹ́ ti fáìlì yẹn nìkan, kì í ṣe ti gbogbo Emacs.

Báwo lẹ ó ṣe máa tẹ àmì? Emacs ní quail, tí èèyàn lè fi dá ọ̀nà ìtẹ̀wé tirẹ̀. Nínú tèmi, e àti. Di ẹ, a àti / di á, a àti \ di à. Mi ò lo àmì ` fún ohùn ìsàlẹ̀ bó tilẹ̀ jọ ọ́, torí AsciiDoc ti ń lò ó fún nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ kò lo Emacs, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ọ̀fẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe wà fún Windows àti Mac. Lórí fóònù, Gboard ní Yorùbá. Tí àmì bá ń léfòó kúrò lórí lẹ́tà, fọ́ǹtì ni kí ẹ yí. Àwọn fọ́ǹtì Noto dára fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan tuntun ní Ajégúnlẹ̀. Paradigm Initiative tí Gbenga Sesan dá sílẹ̀ ní 2007 ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbí lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Ajegunle.org. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò gbé e dé èdè tó ń sọ nílé.

Ohun tí mode kò lè mọ̀

Kí n má parọ́ fún yín, mode kò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ inú yàrá ń pa èèyàn. Tí mo bá kọ "Ẹ máa gbé e síta", á kùn ún ní àwọ̀ ewé. Tí mo bá kọ "Ẹ máa tan án nínú yàrá", àwọ̀ ewé kan náà ló máa kùn ún. Ó ń fi nǹkan hàn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Èèyàn ló ń dájọ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní òfin kan tí kò sí nínú kóòdù. Kí ìwé kankan tó dé ara ògiri, ẹnìkan tí kò kọ ọ́ máa ká àwọn ìlà tí C-c C-k kó jọ sókè, síwájú máìkì, akọ̀wé á sì máa gbọ́. Ojú lè fo àmì, ṣùgbọ́n tí ẹnu bá pe "máa" níbi tí "má" yẹ kó wà, etí á ta kì-ìjì. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ohùn, ẹ̀bùn tí a ní nìyẹn, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Iṣẹ́ tí mo fi rán yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kò gba Emacs rárá. Ẹ mú ìwé kan tó wà lára ògiri yín, bóyá ti gáàsì ni, bóyá ti oògùn ọmọdé, bóyá ti iná. Ẹ fi ìka tọ gbogbo "ma" inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò bá ti ní àmì, ẹ mú bírò, kí ẹ fi í síbẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ èyí tó ni ín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ kí alẹ́ tó lẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ ní àdúgbò tí kì í dákẹ́. Títí di ìgbà náà, kí a máa rí ara wa pẹ̀lú ayọ̀. Ó dàbọ̀.